Èdè-Ìperí fún Àlàfo inú Ètò Adójútòfò Ìlera Àwọn Afẹ̀yìntì ní Amẹ́ríkà

1. Ìfáárà

Ní ọjọ́ 30 oṣù Keje ọdún 1965 ni Ààrẹ Lyndon Johnson fọwọ́ sí òfin tí ó dá Medicare sílẹ̀. Medicare ni ètò adójútòfò ìlera tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ń ṣe fún àwọn tí ó ti pé ọmọ ọdún 65, àti fún àwọn aláàbọ̀-ara kan tí kò tíì tó ọjọ́ orí bẹ́ẹ̀. Ọdún 1966 ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Àwọn Yorùbá tí wọ́n ṣiṣẹ́ fẹ̀yìntì ní orílẹ̀-èdè náà wà lára àwọn tí ó ń jẹ àǹfààní rẹ̀ lónìí.

Bí a bá tú ọ̀rọ̀ náà, adójútòfò, palẹ̀, "ohun tí ó dójú ti òfò" ni. Orúkọ yìí lè mú kí ẹni tí ó gbọ́ ọ rò pé ètò náà yóò san gbogbo gbèsè ìtọ́jú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Medicare fi àlàfo sílẹ̀, aláìsàn ni yóò sì dí i. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ: ọ̀rọ̀ tí kò bá fi ẹni tí yóò san owó hàn, àti ìgbà tí yóò san án, kò tíì kún ojú òṣùwọ̀n.

2. Oríṣi Owó Mẹ́ta

Ó rọrùn láti pe gbogbo ìnáwó yìí ní "owó tí a ó san", ṣùgbọ́n mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

(a) Ìdáwó. Èyí ni owó tí ènìyàn ń san lóṣooṣù, ara ìbáà yá, ara ìbáà má yá, kí orúkọ rẹ̀ má baà kúrò nínú ètò. Ní ọdún 2025, 185 dọ́là ni ìdáwó Apá B, èyí tí ó jẹ mọ́ iṣẹ́ dókítà, fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹni tí òun tàbí ọkọ tàbí aya rẹ̀ bá ti san owó orí Medicare fún ọdún 10, ó kéré tán, kì í san ìdáwó Apá A, èyí tí ó jẹ mọ́ ilé ìwòsàn. Kò yẹ kí a pe ìdáwó ní owó èésú, nítorí ẹni tí ó bá dá èésú yóò kó o. Ìdáwó adójútòfò kì í padà sí ọwọ́ ẹni tí kò ṣàìsàn.

(b) Àkọ́san. Gẹ́gẹ́ bí àkọ́bí àti àkọ́so, àkọ́san ni owó tí aláìsàn yóò kọ́kọ́ dá san kí ètò tó san kọ́bọ̀. Ní ọdún 2025, àkọ́san Apá B jẹ́ 257 dọ́là, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Ti Apá A jẹ́ 1,676 dọ́là fún sáà ìtọ́jú kọ̀ọ̀kan. Sáà kan kì í parí títí aláìsàn yóò fi lo ọjọ́ 60 léraléra láìgba ìtọ́jú lórí ibùsùn ilé ìwòsàn. Nítorí náà, ènìyàn lè san án ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín ọdún kan. "Owó ọdọọdún" kò lè rọ́pò ọ̀rọ̀ yìí.

(ẹ) Àjọsan. Èyí ni ìpín aláìsàn nínú owó tí òun àti ètò jọ ń san. Ní Apá B, ètò a máa san ìdá 80 nínú 100, aláìsàn a sì san ìdá 20. Bí iye tí Medicare fọwọ́ sí bá jẹ́ 10,000 dọ́là, aláìsàn tí kò tíì san nǹkan kan lọ́dún 2025 yóò san àkọ́san 257 dọ́là, lẹ́yìn náà ìdá 20 nínú 9,743 dọ́là tí ó ṣẹ́kù, èyí tí í ṣe 1,948.60 dọ́là.

3. Oríṣi Àlàfo Méjì

Àlàfo iye owó ni àkọ́kọ́. Ẹni tí ó bá pẹ́ ní ilé ìwòsàn kọjá ọjọ́ 60 ń san 419 dọ́là lójúmọ́ (2025) títí di ọjọ́ 90. Lẹ́yìn èyí, ó ní ọjọ́ àfipamọ́ 60 ní gbogbo ayé rẹ̀, ní 838 dọ́là lójúmọ́. Medicare ìpilẹ̀ṣẹ̀ kò sì ní gbèdéke ìnáwó fún aláìsàn. Ti oògùn yàtọ̀: Apá D, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2006, ní gbèdéke 2,000 dọ́là ní ọdún 2025.

Èkejì ni àlàfo irú ìtọ́jú. Medicare kì í sábà san owó eyín, awò ojú, ẹ̀rọ ìgbọ́ràn, ìtọ́jú arúgbó ọlọ́jọ́ pípẹ́, tàbí ìtọ́jú ní ilẹ̀ òkèèrè.

4. Adíàlàfo

Ọ̀nà méjì ni ó wọ́pọ̀ láti dí àlàfo, a kò sì lè lò wọ́n pọ̀. Apá C ni kí iléeṣẹ́ aládàáni gba iṣẹ́ Apá A àti B ṣe. Ó ní gbèdéke ìnáwó, ṣùgbọ́n ó sábà ń ní àwọn dókítà tirẹ̀ tí aláìsàn gbọ́dọ̀ lọ bá. Èkejì ni Medigap, tí "adíàlàfo" bá mu. Lẹ́tà ni a fi ń dá oríṣi rẹ̀ mọ̀, àǹfààní lẹ́tà kan náà kò sì yàtọ̀ láti iléeṣẹ́ dé iléeṣẹ́, àyàfi ní Massachusetts, Minnesota àti Wisconsin, tí wọ́n ní ìlànà tiwọn. Oríṣi G, fún àpẹẹrẹ, ń san àkọ́san Apá A àti àjọsan, ṣùgbọ́n kì í san àkọ́san Apá B.

Àlàfo iye owó ni adíàlàfo ń dí. Kì í sábà dí àlàfo irú ìtọ́jú. Àfi kan wà tí ó kan ẹni tí ó ń lọ sí Nàìjíríà wò ará ilé: bí àìsàn pàjáwìrì bá ṣẹlẹ̀ láàárín ọjọ́ 60 àkọ́kọ́ ìrìn-àjò, oríṣi G a máa san ìdá 80 lẹ́yìn àkọ́san 250 dọ́là, pẹ̀lú gbèdéke 50,000 dọ́là ní gbogbo ayé ẹni náà.

Ibi tí ìtumọ̀ ti lè ṣe ènìyàn ní jàǹbá jù lọ ni àkókò ìrajà. Láti oṣù tí ènìyàn bá ti pé ọmọ ọdún 65 tí ó sì wà nínú Apá B, oṣù 6 ni ó ní láti ra adíàlàfo láìjẹ́ pé iléeṣẹ́ kankan kọ̀ ọ́ nítorí àìsàn. Bí àkókò yìí bá ti kọjá, ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìpínlẹ̀, iléeṣẹ́ lè kọ̀ ọ́ tàbí kí ó bu owó lé ìdáwó rẹ̀. Bí a bá pè é ní "àkókò ìforúkọsílẹ̀" lásán, àgbàlagbà lè rò pé òun náà ni sáà ọdọọdún ti Apá C àti D, láti ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá sí ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá, kí ó sì dúró de ọdún tí ń bọ̀. Lójú àpẹẹrẹ àìgbọdọ̀máṣe, "sáà àìgbọdọ̀kọ̀" ni ó yẹ ẹ́.

5. Ìgúnlẹ̀

Ìdáwó ń mú ènìyàn wọ inú ètò. Àkọ́san ń ṣáájú ètò. Àjọsan ń bá ètò rìn. Adíàlàfo ń gba èyí tí ètò fi sílẹ̀. Sáà àìgbọdọ̀kọ̀ kì í sì í sábà dé lẹ́ẹ̀mejì. Olùkọ́ tàbí ògbufọ̀ tí ó bá ya márààrún sọ́tọ̀ yóò lè sọ fún afẹ̀yìntì iye tí yóò san, àti ọjọ́ tí kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ó kọjá.