Omi Tó Mọ́ Lójú Kì Í Ṣe Omi Tó Mọ́ Tán

Bí oòrùn bá ń ràn sínú adágún ìlúwẹ̀ẹ́, ewéko tín-ín-tín a máa hù níbẹ̀. Omi a di àwọ̀ ewé, ojú kò sì ní tó ìsàlẹ̀ mọ́. Ọmọ lè rì síbẹ̀ láìsí ẹni tó rí i.

Èròjà bàbà díẹ̀ a máa pa ewéko yìí. Fàdákà a sì máa bá kòkòrò àrùn jà, ṣùgbọ́n ìjà rẹ̀ kò yá. Nítorí náà, ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ má ṣe jẹ́ kí omi mímọ́ gaara tàn wá jẹ. Ó kéré tán, mílígíráàmù kílórìnì 1 gbọ́dọ̀ wà nínú lítà omi kọ̀ọ̀kan. Kí àwọn ọmọ wa tó wọnú omi, ẹ jẹ́ kí a béèrè ìgbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò gbẹ̀yìn.