Ẹ̀rọ Yìnyín Inú Ọkọ̀ Ẹja: Ẹ Yẹ Àpótí Wò Kí Ẹ Tó Yẹ Ẹ̀rọ Wò

Ìwé ẹ̀yáwó ọkọ̀ tí ń wọlé sí ọ́fíìsì wa ti ń pọ̀ sí i. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń béèrè ni owó tí wọn yóò fi ra bọ́ọ̀sì tọ́kúnbọ̀, kí wọ́n de ẹ̀rọ yìnyín mọ́ ọn, kí wọ́n máa fi kó ẹja láti Ìjọrà l'Ékòó wá sí Ifẹ̀. Èrò náà kò burú rárá. Ẹni tí páálí Titus rẹ̀ ti ń ṣomi nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ kí ó tó dé Ìbàdàn mọ ohun tí à ń wí. Ṣùgbọ́n owó gbogbo wa ni owó ẹgbẹ́, a kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa san gbèsè lórí ẹ̀rọ tí kò ṣiṣẹ́.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kó yé wa ni pé ẹ̀rọ yìí kì í ṣe òtútù. Ooru ló ń kó. Bí alábàárù ṣe ń ru ẹrù láti inú ṣọ́ọ̀bù bọ́ sí títì, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ń ru ooru láti inú àpótí jáde síta. Gáàsì kan ló ń yí po nínú páìpù rẹ̀. Bó bá dé inú àpótí, bí omi ló rí, á sì máa hó níbi tó tutù gan-an. Híhó yẹn ló fi ń fa ooru kúrò lára ẹja. Kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ á wá fún un pọ̀, á gbóná ju afẹ́fẹ́ ìta lọ, á tú ooru náà dànù, á sì tún padà di omi. Ẹ fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn fíríjì ilé yín, ẹ ó rí i pé ó ń gbóná. Ooru ọbẹ̀ àná nìyẹn o!

Ní Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, àwọn kan ń fi ọkọ̀ ṣe ilé, bẹ́ẹ̀dì àti ilé ìdáná wà nínú rẹ̀, wọ́n á máa fi rìnrìn àjò ìsinmi. Wọ́n ń de irú ẹ̀rọ yìí mọ́ òrùlé rẹ̀. Nígbà ooru, á kó ooru jáde. Nígbà òtútù, wọ́n á yí i padà, á máa kó ooru inú afẹ́fẹ́ ìta wọlé. Ṣùgbọ́n bí ìta bá tutù jù, agbára rẹ̀ á dínkù, yìnyín á sì bò ó. Bí ìta àti inú bá ṣe yàtọ̀ síra tó, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ń le tó. Ẹ jẹ́ ká ṣírò tiwa. Bí oòrùn Ifẹ̀ bá mú dé dìgírì 35, tí a fẹ́ kí pálọ̀ tutù dé 24, dìgírì 11 ni ìyàtọ̀ wọn. Ẹja dídì ń fẹ́ dìgírì 18 sí ìsàlẹ̀ òdo, ìyẹn jẹ́ ìyàtọ̀ 53. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po márùn-ún! Nítorí náà, bí wẹ́dà kan bá sọ pé òun yóò de ẹ̀rọ amúlétutù ilé mọ́ bọ́ọ̀sì yín kí ẹ fi kó ẹja, ẹ kí i pé ó ṣeun, kí ẹ máa lọ.

Ọmọ aláwọ̀ dúdú ló kọ́kọ́ ṣe èyí tó yege nínú ọkọ̀ akẹ́rù. Orúkọ rẹ̀ ni Frederick McKinley Jones, ọmọ Amẹ́ríkà, tí wọ́n bí ní 1893. Fúnra rẹ̀ ló kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ní 1938, òun àti Joseph Numero dá ilé iṣẹ́ tí a mọ̀ sí Thermo King lónìí sílẹ̀. Kó tó di ìgbà náà, yìnyín lásán ni wọ́n ń kó sínú ọkọ̀. Ohun tó ṣòro ni kí ẹ̀rọ náà lè gba gbígbọ̀n ojú ọ̀nà láìjẹ́ pé páìpù rẹ̀ sán. Ẹ̀yin tí ẹ mọ kòtò ọ̀nà wa yóò gbà pé iṣẹ́ ńlá ni. Ó kú ní 1961, wọ́n sì fi àmì ẹ̀yẹ ìjọba Amẹ́ríkà dá a lọ́lá ní 1991.

Ó wá ku àpótí. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń kùnà sí, nítorí ẹ̀rọ ni wọ́n ń sáré lọ rà. Bí ooru bá ń gba ara ògiri wọlé, ẹ̀rọ á kàn máa ru ẹrù tí kò lè tán ni. Fọ́ọ̀mù ara ọkọ̀ ẹja dídì máa ń nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 7 sí 10. Bí omi bá ti wọ inú fọ́ọ̀mù, kò wúlò mọ́. Bí ẹ bá lọ wo tọ́kúnbọ̀, kí ẹnì kan wọ inú àpótí, kí ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ́sàn-án gangan (ẹ má gbàgbé láti ṣí i o). Ibi tó bá ti rí ìmọ́lẹ̀, ibẹ̀ ni ooru ń gbà wọlé. Ẹ tún fi náírà oníbébà kan há ẹnu ilẹ̀kùn, kí ẹ tì í, kí ẹ fà á. Bó bá yọ wẹ́rẹ́, rọ́bà ilẹ̀kùn ti kú.

Kí ni yóò máa wa ẹ̀rọ náà? Àwọn kan ní bátìrì. Bátìrì fóòtì 12 tí wọ́n kọ 100 sí lára kò ní ju wáàtì 1,200 fún wákàtí kan. Ẹ̀rọ tó ń jẹ wáàtì 1,000 á fà á gbẹ kí wákàtí kan àti ààbọ̀ tó pé, bátìrì náà á sì tètè bàjẹ́. Èyí tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ń yí dára díẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá kú lọ́nà, òun náà kú nìyẹn. Èyí tó ní ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ ló fọkàn ẹni balẹ̀ jù, àmọ́ ó ń mu dísẹ́ẹ̀lì, ẹ sì gbọ́dọ̀ kà á mọ́ owó ọjà.

Ohun kan tí àwọn tó ń tà á kì í sọ ni pé a kò ṣe ẹ̀rọ ọkọ̀ láti mú ẹja dì. Kí ẹja tó ti dì má yọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá kó pańla tó ti ń ṣomi sínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò ṣe dé Ifẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àpótí tutù kí ẹ tó kó ẹrù sí i, ẹ má sì kó páálí kan òrùlé, kí afẹ́fẹ́ lè ráyè. Ẹ má pa ẹja pọ̀ mọ́ tòmátì. Òtútù tó bá lọ sísàlẹ̀ dìgírì 10 á ba tòmátì jẹ́.

Fún ẹni tí kì í kó ẹrù ju ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, èrò tèmi ni pé àpótí tí fọ́ọ̀mù rẹ̀ nípọn, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ dì dáadáa, tí ẹja tó dì gbagidi sì kún inú rẹ̀, tó o láti Èkó wá sílé láìsí ẹ̀rọ kankan, bó bá ti gbéra láàárọ̀ kùtùkùtù. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ẹ̀rọ.

Ẹni tó bá ti rí ọkọ̀ tó fẹ́ rà, kí ó kọ bí fọ́ọ̀mù rẹ̀ ṣe nípọn tó àti ohun tó ń wa ẹ̀rọ rẹ̀ sínú ìwé ẹ̀yáwó, kí ó sì mú un wá sí ọ́fíìsì kí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀ tó pé. Ìgbìmọ̀ yóò rán ẹnì kan bá a lọ wo ọkọ̀ náà.