Benin, Ilẹ̀ Tí Títì Ìdí-Ìrókò Já Sí

Títì tó ti Ṣàngó-Ọ̀tà gba Ìyànà-Ìyẹsí, Átán, Òwódé àti Àjílété lọ kò dúró títí tó fi kan ẹnubodè ní Ìdí-Ìrókò. Ìgòlò ló wà lódìkejì, níbi tí náírà ti ń di séfà lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣẹ́ owó. Láti ibẹ̀, kò jìnnà mọ́ dé Àjàṣẹ́, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Benin, tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò Ṣàngó kì í dárúkọ Àjàṣẹ́ tàbí Benin. "Kútọnu" ni wọ́n ń pe gbogbo ilẹ̀ náà, ohun tó sì máa ń wá sí wọn lọ́kàn kò ju ìrẹsì, òkìrìkà àti ọkọ̀ tòkunbọ̀ lọ. Aládùúgbò tó sún mọ́ni tó báyìí yẹ lẹ́ni tí à ń mọ̀ ju ọjà tó ń tà lọ.

Ilẹ̀ kékeré ni. Bí a bá pín Nàìjíríà sí ọ̀nà mẹ́jọ, ìdá kan ni yóò bá Benin dọ́gba, àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ sì lé ní mílíọ̀nù 13. Síbẹ̀, èdè tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ lé ní 50. Àwọn tó fa ààlà ilẹ̀ náà kò bi àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ léèrè. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí àdéhùn tó la ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Yorùbá sí méjì: Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Ṣakétẹ́ bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìpokíà àti Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Bákan náà ni àwọn Ẹ̀gùn ṣe pín, àwọn kan ní Àgbádárìgì, àwọn kan ní Àjàṣẹ́. Faransé wá kó àwọn tó bọ́ sọ́wọ́ rẹ̀ pọ̀ mọ́ Fọ̀n, Àjá, Bàrùbá àti ọ̀pọ̀ ẹ̀yà mìíràn lábẹ́ orúkọ kan, Dàhòmì. Orúkọ yìí ni wọ́n fi gba òmìnira ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ ọdún 1960. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1975 ni ìjọba Mathieu Kérékou yí i padà sí Benin.

Èdè Faransé ni ti ilé-ẹ̀kọ́, ilé-ẹjọ́ àti ìwé ìjọba. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ibi tí èèyàn bá dúró sí ló ń sọ èdè tí yóò fi jẹun. Fọ̀n ló gbòde ní Kútọnu àti Abomey, Ẹ̀gùn àti Yorùbá ní Àjàṣẹ́, Àjá àti Mina lápá ààlà Tógò. Ní àríwá, Bàrùbá ni ti ilé, Dendi sì ni ọ̀pọ̀ fi ń ná ọjà ní Parakou. Ní ọjà Tokpa ní Kútọnu, obìnrin aláta kan náà lè fi Fọ̀n ná ọjà, kó fi Yorùbá dá oníbàárà tó ti Nàìjíríà wá lóhùn, kó sì fi Faransé ka iye owó. Kò sí ilé-ẹ̀kọ́ tó kọ́ ọ ní méjì nínú mẹ́ta yẹn. Ìdí ọjà ló ti gbọ́ wọn. Ọgbọ́n ńlá ni, ó sì yẹ kí a bọ̀wọ̀ fún un.

Àjàṣẹ́ ni ara ti lè kọ́kọ́ tu ará Ọ̀tà, nítorí kò ní wá ẹni tó gbọ́ Yorùbá tì. Ààfin Honmè, níbi tí Ọba Tofa jókòó sí láti 1874 títí di 1908, ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé báyìí. Mọ́ṣáláṣí ńlá àtijọ́ wọn ló máa ń ya àlejò lẹ́nu jù: iwájú rẹ̀ jọ ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ìran àwọn tó padà dé láti oko ẹrú ní Bràsíìlì ló kọ́ ọ, irú ilé tí wọ́n mọ̀ ní Bahia ni wọ́n sì kọ́ fún Ọlọ́run. Nínú ìlú yìí kan náà ni àlùfáà Godfrey Nzamujo, ọmọ Nàìjíríà, ti dá oko Songhai sílẹ̀ ní 1985. Wọn kì í da ohunkóhun nù níbẹ̀: ìgbẹ́ ẹran ń di gáàsì ìdáná, ìdin tí wọ́n sìn lórí ìdọ̀tí ń di oúnjẹ ẹja.

Kútọnu ni ìjọba ti ń ṣiṣẹ́, òun ló sì tóbi jù. Ọ̀kadà ibẹ̀, tí wọ́n ń pè ní zémìjàn, kún títì pẹ̀lú ẹ̀wù yẹ́lò. Ẹ̀bá ọ̀nà ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń ra "kpayo", epo bẹntiróò tó ti Nàìjíríà wọlé, nínú ìgò ńláńlá, kí ìjọba Nàìjíríà tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, tí òwò náà sì rọ̀ gan-an. Lórí adágún Nokoué, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú náà, Ganvié dúró lórí òpó igi nínú omi. Àwọn baba ńlá wọn sá fún àwọn akónilẹ́rú ni wọ́n fi tẹ̀dó síbẹ̀. Àwọn apẹja ibẹ̀ máa ń ri ẹ̀ka igi mọ́ ìsàlẹ̀ omi kí ẹja lè wá kó ara wọn síbẹ̀, kí wọ́n tó fi àwọ̀n yí i ká.

Etí òkun ni Ouidah wà, ibi tí wọ́n ti kó àìmọye èèyàn sínú ọkọ̀ ẹrú. Àwọn tó ń pawó nídìí òwò náà, àwọn ọba Dàhòmì àtijọ́, wà lókè, ní Abomey. Ààfin wọn wọ ìwé ogún àgbáyé UNESCO ní 1985, Faransé sì dá 26 nínú ohun tí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ kó lọ padà ní 2021. Ẹ̀gbá kò gbàgbé ogun Dàhòmì tó dé Abẹ́òkúta ní 1851 àti 1864. Kétu kò ríbi sá: Dàhòmì kó o ní 1886, ó sì di ahoro fún ọdún mélòó kan. Ẹnubodè àtijọ́ rẹ̀, Àkàbà Ìdènà, ṣì wà níbẹ̀ dòní, Alákétu sì ń jọba. Ijó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí wọ́n ń jó níbẹ̀, tí Ọ̀tà náà ń jó, ni wọ́n fi ń yẹ́ àwọn ìyá sí. Ní 2001, UNESCO kà á sí ìṣúra ọmọ aráyé, lórúkọ Benin, Nàìjíríà àti Tógò.

Ní ti oúnjẹ, àgbàdo ló ń jọba ní gúúsù. Àkàsà inú ewé, ẹ̀kọ tútù ni lójú ará Ọ̀tà. Amiwo ni kò ní irú rẹ̀ nílé. Omi ẹran, tòmátì, àlùbọ́sà àti epo pupa ni wọ́n ń gbé kaná. Bó bá hó, wọn a da èlùbọ́ àgbàdo tí wọ́n pò sómi díẹ̀ sí i, wọn a wá máa bu gbígbẹ kún un, wọn a máa rò ó títí yóò fi fà, tí yóò pọ́n. Adìyẹ díndín ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Láti Ìdáàṣà dé Parakou, iyán ló gba ipò àgbàdo. Ibẹ̀ sókè ni wàrà, tí wọ́n ń pè ní wagasi, ti ń wá. Àwọn obìnrin Fúlàní ń fi omi ewé bọmubọmu mú wàrà náà dì, wọ́n sì ń rì í sínú omi pòpórò ọkà bàbà kó lè pupa, kó má tètè bàjẹ́. Ní Kútọnu, wọ́n ń dín in sínú ọbẹ̀ bí ẹja.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ kò nílò físà: àdéhùn ECOWAS ti 1979 fún un ní 90 ọjọ́, bó bá ti mú ìwé ìrìnnà àti káàdì yẹ́lò dání. Ìdí-Ìrókò, tí wọ́n tì ní 2019, ti ṣí padà láti 2022. Oṣù Kìíní ni ọjọ́ ìsinmi àwọn ẹlẹ́sìn vodun, ẹ̀sìn ìbílẹ̀ wọn, máa ń bọ́ sí, Ouidah ni ó sì ti máa ń dùn jù.