Òǹtẹ̀ àbí Abẹ́: Èwo Ló Mọ Ohun tí Ojú Tíìkì Rí?

Àga, tábìlì àti kọ́bọ́ọ̀dù tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà Dẹ́nmáàkì fi igi tíìkì kàn láàrin ọdún 1950 sí 1970 ti di ọjà olówó ńlá. Ibi tí owó bá sì wà, àlùmọ̀kọ́rọ́yí kì í jìnnà síbẹ̀. Wọ́n á gé ẹsẹ̀ tábìlì, wọ́n á pa ihò ọwọ́ dúrọ́ọ̀ rẹ́, wọ́n á ní bó ṣe wà látilẹ̀ nìyẹn. Nǹkan méjì ni ẹni tó fẹ́ rà á lè fi yẹ̀ ẹ́ wò: òǹtẹ̀ ilé iṣẹ́ tó kàn án, àti abẹ́ òun ẹ̀yìn ọjà náà. Èwo ló yẹ ká gbà gbọ́ jù?

Iṣẹ́ òǹtẹ̀ kì í ṣe kékeré. Àga tí Hans Wegner ya àwòrán rẹ̀ ní 1949, irú èyí tí Kennedy jókòó lé nígbà tí òun àti Nixon, tí wọ́n jọ ń du ipò ààrẹ Amẹ́ríkà, ń jiyàn lórí tẹlifíṣọ̀n ní 1960, ilé iṣẹ́ Johannes Hansen ní Copenhagen ló ń kàn án nígbà náà, wọ́n a sì máa fi irin gbígbóná tẹ orúkọ wọn sábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá rí orúkọ yẹn lè wá àwòrán àti ìwọ̀n àtilẹ̀wá, kó fi wé èyí tó wà níwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n kan ọjà nìkan ni òǹtẹ̀ mọ̀. Bí wọ́n bá gé ẹsẹ̀ tábìlì lánàá, òǹtẹ̀ kò ní tìtorí ẹ̀ parẹ́. Èyí tó jẹ́ bébà tàbí irin pẹlẹbẹ, wọ́n lè yọ ọ́ lára ọ̀kan lẹ̀ mọ́ òmíràn. Ọ̀pọ̀ ojúlówó ni kò tilẹ̀ ní òǹtẹ̀ rárá.

Abẹ́ kì í tètè purọ́, nítorí ìwọ̀nba èèyàn ló ń tún ibi tí àlejò kò ní rí ṣe. Ẹ fa dúrọ́ọ̀ kan yọ pátápátá, kí ẹ gbé e sún mọ́ iná. Bí wọ́n bá ti pààrọ̀ ọwọ́ rẹ̀, ẹ ó rí ojú ihò tí wọ́n fi igi dí láti inú. Ẹ wo ìdí ẹsẹ̀: àwọ̀ igi tó ti gba atẹ́gùn fún ọgọ́ta ọdún yàtọ̀ sí ibi tí ayùn ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá. Ẹsẹ̀ tó yẹ kó máa tín-ín-rín lọ sílẹ̀ á ki pọ́pọ́ nídìí. Òkè kọ́bọ́ọ̀dù kì í sábà jẹ́ tíìkì látòkè délẹ̀. Awọ tíìkì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n lẹ̀ mọ́ pákó mìíràn. Bí wọ́n bá fi sáńpépà ha á jù, pákó ìsàlẹ̀ á yọjú létí.

Àléébù abẹ́ ni pé ó fẹ́ ojú tó mọṣẹ́. Sùkúrù olójú àgbélébùú láàrin àwọn olójú ìlà kan fi hàn pé ọwọ́ ti débẹ̀, kò sọ bóyá àtúnṣe ni àbí àyípadà. Àga tí wọ́n pààrọ̀ tìmùtìmù rẹ̀ kò di ayédèrú; èyí tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ ti di nǹkan mìíràn.

Lójú tèmi, abẹ́ ló jàre. Òǹtẹ̀ ń sọ ẹni tó bí ọmọ, abẹ́ ń sọ ohun tí ojú ọmọ ti rí, ìyẹn gan-an sì ni ẹni tó fẹ́ san owó ń wá. Kó ka òǹtẹ̀ láti mọ bó ṣe yẹ kí ọjà rí, kó wá dojú rẹ̀ dé. Olùtajà tí kò bá jẹ́ kí ẹ dojú tábìlì dé, ẹ fi tábìlì rẹ̀ sílẹ̀ fún un.