A kì í fárí lẹ́yìn olórí: Bí Atákúnmọ́sà àti Ẹdẹ ṣe pàdánù àga tiwọn l'Ábújá

Bí wọ́n bá béèrè lọ́wọ́ ọ̀dọ́ ìlú Ẹdẹ lónìí pé àwọn wo ni wọ́n jọ ń yan ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin, kò ní í pẹ́ tí yóò fi dárúkọ Èjìgbò àti Ẹgbẹ́dọrẹ. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ̀ ni pé ìgbà kan wà tí Ẹdẹ dá ní àga tirẹ̀ l'Ábújá, tí kò bá ìlú kankan pín in. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún Atákúnmọ́sà, ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tí wúrà wà. Ẹkùn ìdìbò méjèèjì ti di ìtàn báyìí.

Ọdún 1992 ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Nígbà tí ìjọba ológun Ọ̀gágun Ibrahim Babangida ń palẹ̀ mọ́ láti gbé ìjọba fún alágbádá, ìjọba ìbílẹ̀ ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n. Ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ì báà kéré, ì báà tóbi, ní aṣojú kan ṣoṣo. Ìdí nìyẹn tí àga ilé náà fi tó 593. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Keje ọdún náà ni wọ́n dìbò, ẹgbẹ́ òṣèlú SDP àti NRC nìkan ló sì figagbága. Ẹdẹ jẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kan nígbà náà, Atákúnmọ́sà náà sì jẹ́ ọ̀kan, nítorí náà kálukú dá rán ọmọ rẹ̀ lọ.

Àsìkò yẹn dùn fún ọmọ Ẹdẹ. Olóògbé Isiaka Adeleke, ọmọ bíbí ìlú náà, ló wà lórí àlééfà gẹ́gẹ́ bí gómìnà alágbádá àkọ́kọ́ ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 1991. Ṣùgbọ́n adùn náà kò tọ́jọ́. Oṣù Kejìlá ọdún 1992 ni wọ́n ṣí ilé aṣòfin. Nígbà tó di oṣù Kọkànlá ọdún 1993, Ọ̀gágun Sani Abacha gbàjọba, ó sì tú gbogbo ilé aṣòfin ká. Kò pé ọdún kan tí ẹkùn ìdìbò Atákúnmọ́sà àti ti Ẹdẹ fi pa rẹ́.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ìbọn yóò pa àwòrán ìdìbò àgbègbè náà rẹ́. Láti ọdún 1951 ni ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ti ń rán èèyàn lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn n'Íbàdàn. Lára wọn ni Olóyè Joseph Odeleye Fadahunsi, ọmọ ẹgbẹ́ NCNC, tó padà di gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn lẹ́yìn wàhálà ọdún 1962. Ìjọba ológun oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1966 ló fòpin sí èyí. Ní ọdún 1979, nígbà tí ilé aṣojú-ṣòfin ní àga 449, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́, tí Ẹdẹ àti Iléṣà jọ wà lábẹ́ rẹ̀, ní 42 nínú wọn. Ayoola Adeleke, bàbá Isiaka, sì wà ní ilé aṣòfin àgbà lábẹ́ ẹgbẹ́ UPN. Ìparí oṣù Kejìlá ọdún 1983 ni àwọn sójà tún gbé èyí náà lọ.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ti 1993 ló yani lẹ́nu jù. Ní ọdún 1996, ìjọba Abacha pín Ẹdẹ sí Àríwá àti Gúúsù, ó sì pín Atákúnmọ́sà sí Ìlà-Oòrùn àti Ìwọ̀-Oòrùn. Àwọn ará ìlú jó, wọ́n yọ̀, pé ìjọba ìbílẹ̀ ti di méjì. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba alágbádá padà dé ní ọdún 1999, àga 360 péré ló wà nílé aṣojú-ṣòfin. Mẹ́sàn-án ló kan ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tó ní ìjọba ìbílẹ̀ ọgbọ̀n. Wọ́n wá so Ẹdẹ méjèèjì pọ̀ mọ́ Ẹgbẹ́dọrẹ àti Èjìgbò, wọ́n sì so Atákúnmọ́sà méjèèjì pọ̀ mọ́ Iléṣà Ìlà-Oòrùn àti Iléṣà Ìwọ̀-Oòrùn. Ìjọba ìbílẹ̀ di méjì, aṣojú kò tó ọ̀kan mọ́.

Ẹdẹ tún sàn, nítorí Àríwá àti Gúúsù rẹ̀ ní aṣòfin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nílé aṣòfin ìpínlẹ̀ l'Óṣogbo. Atákúnmọ́sà méjèèjì, ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n jọ ní níbẹ̀.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ àga lásán nìyí kò tíì ro ọ̀rọ̀ wúrà mọ́ ọn. Atákúnmọ́sà ni Ìtagúnmodì, Igún, Ifẹ̀wàrà àti Ìpẹ́rìndó wà, níbi tí wọ́n ti ń wa wúrà tipẹ́tipẹ́. Ibẹ̀ náà ni ibi ìwakùsà ńlá Sẹ́gilọlá wà, tó yọ wúrà rẹ̀ àkọ́kọ́ ní oṣù Keje ọdún 2021. Ìwé òfin ọdún 1999 sì sọ pé ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan ni ọ̀rọ̀ ohun àlùmọ́ọ́nì wà. Gómìnà kò láṣẹ láti fún ẹnikẹ́ni ní ìwé àṣẹ ìwakùsà, alága ìjọba ìbílẹ̀ kò tilẹ̀ sí níbẹ̀. Àbújá ni wọ́n ti ń ṣe òfin rẹ̀. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí.

Ọ̀rọ̀ náà kan Ẹdẹ pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí wúrà ní ìlú náà. Odò Ọ̀ṣun tó gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kọjá ló ń ṣàn wá sí Òṣogbo, tó sì ń kọjá lọ́dọ̀ ará Ẹdẹ. Àwọn tó ń wa wúrà láìgbàṣẹ ti sọ omi odò náà di pupa bí ẹrẹ̀, débi pé lọ́dún 2022 ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn èèyàn pé kí wọ́n má mu ún. Omi kò mọ ààlà ẹkùn ìdìbò.

Àwọn kan wà tí wọn kò fẹ́ kí ètò 1992 padà wá. Wọ́n ní aṣòfin 593 yóò náni lówó jù, àti pé kò tọ̀nà kí ìjọba ìbílẹ̀ tí èèyàn rẹ̀ kò pọ̀ ní àga kan náà pẹ̀lú èyí tí èèyàn kún bí eéṣú. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn, nítorí ìwé òfin sọ pé iye èèyàn inú ẹkùn ìdìbò gbọ́dọ̀ súnmọ́ra. Ṣùgbọ́n ìwé òfin kan náà ló fún àjọ INEC láṣẹ láti tún ààlà wọ̀nyí yẹ̀ wò bí ó bá ti tó ọdún mẹ́wàá, kí ilé aṣòfin méjèèjì sì fọwọ́ sí i.

Ó ti lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n báyìí tí wọ́n ti ń lo ààlà tí ìjọba ológun fi sílẹ̀. Ará Atákúnmọ́sà àti ará Ẹdẹ tó bá fẹ́ kí ó yí padà, kó kọ́kọ́ mú un bá aṣòfin tó ń tọrọ ìbò lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ẹnu ẹni la fi ń kọ mé jẹ.