Akẹ́kọ̀ọ́ Nílé Onílé

Elavagnon, olú ìlú agbègbè Est-Mono ní Tógò, wà ní àríwá-ìlà-oòrùn Atakpamé. Lára àwọn tó ń gbé agbègbè náà ni àwọn Ifẹ̀, tí a tún ń pè ní Ana, tí ìtàn wọn tọ́ka sí Ilé-Ifẹ̀. Faransé ni èdè ilé-ìwé níbẹ̀. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ tó bá lọ lo sáà kan níbẹ̀, inú ilé tó wọ̀ sí ni yóò ti gbọ́ èdè Ifẹ̀.

A ti rí irú rẹ̀ ní Ìbàdàn, níbi tí àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tó wá kọ́ Yorùbá ní yunifásítì ti gbé lọ́dọ̀ ìdílé. Kíláàsì kọ́ wọn ní gírámà. Ilé ló kọ́ wọn pé “ẹ” ni ti àgbà, pé a kì í jí ká má kí onílé, àti pé bí a bá bá èèyàn lẹ́nu oúnjẹ, tó ní “Ẹ wá jẹun”, “Á gba ibi ire” ni èsì rẹ̀.

Àánú lè ba ẹ̀kọ́ yìí jẹ́: onílé á máa fi Faransé tàbí Gẹ̀ẹ́sì bá àlejò sọ̀rọ̀ kó má baà sú u. Ẹ̀yin onílé, èdè yín ni kí ẹ bá a sọ, kí ẹ rọra sọ ọ́. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.