Bí a Ṣe Rí Epo Rọ̀bì ní Oloibiri

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rò pé ìhà ìlà-oòrùn ni a ti kọ́kọ́ wá epo rọ̀bì ní Nàìjíríà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní agbègbè Òkìtìpupa, ọ̀dà dúdú a máa sun jáde láti inú ilẹ̀. Ọ̀dà yìí ni ó fa ilé-iṣẹ́ Nigerian Bitumen Corporation, ti Ọ̀gbẹ́ni John Simeon Bergheim, wá gbẹ́ kànga ní ìhà Aràròmí ní 1908. Ọ̀gbẹ́ni náà kú ní 1912. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ ní 1914, iṣẹ́ náà dúró láìrí epo tí ó tó tà.

Kí òǹkàwé má ṣe rò pé adágún ni epo wà nínú ilẹ̀. Inú àwọn ihò wẹ́wẹ́ ara òkúta ni ó ń gbé, bí omi ti í wà nínú kànrìnkàn, tí òkúta mìíràn tí kò ní ihò sì dé e mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá gbẹ́lẹ̀ síbi tí kò sí irú ọmọrí bẹ́ẹ̀, òfo ni yóò bá.

Òfo náà ni ilé-iṣẹ́ Shell D'Arcy kọ́kọ́ bá. Ó gba ìwé àṣẹ ní 1938, ogun kejì dá a dúró, ó sì padà lẹ́yìn ogun. Ní 1951 ó gbẹ́ kànga kan ní Ihuo, lẹ́bàá Owerri, ju ẹsẹ̀ bàtà 11,000 lọ, gbígbẹ ni. Owó ńlá ni ó bá a lọ.

Ní 1956 ni ó kan epo tí ó tó tà ní Oloibiri, ní ẹsẹ̀ bàtà 12,008, ní ilẹ̀ Ogbia tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Bayelsa lónìí. Orí ilẹ̀ Otuabagi gan-an ni kànga náà wà, ṣùgbọ́n orúkọ Oloibiri ni ayé mọ̀, ọ̀rọ̀ náà kò sì dùn mọ́ àwọn ará Otuabagi nínú. Ní oṣù kejì 1958, ọkọ̀ kó epo rọ̀bì àkọ́kọ́ kúrò ní Port Harcourt. Nǹkan bí àgbá 5,100 ni orílẹ̀-èdè yìí ń mú jáde lójúmọ́ nígbà náà.

Apẹja àti àgbẹ̀ ni àwọn ará ibẹ̀. Kí àwọn ọdún 1970 tó parí, kànga ti dákẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ sì ti kó lọ síbi tí epo pọ̀ sí. Orí irin kànga àkọ́kọ́ náà ṣì dúró níbẹ̀, pẹ̀lú pátákó tí a kọ jíjìn rẹ̀ sí.